Àbúrò Mi Tó Ń Ṣọ́ Iná Yurénióòmù

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi obìnrin wálé sí Ìjẹ̀bú-Òde fún ìsinmi, kò tíì jókòó tí ìyá wa fi sọ fún un pé, "O ò ní padà síbẹ̀ mọ́."

Ẹnjiníà ni àbúrò mi. Òkè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi yurénióòmù pèsè iná mànàmáná. Ẹnì kan ní Òdógbolú ló sọ fún ìyá wa pé bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Látìgbà náà ni kò ti sùn dáadáa.

Àbúrò mi kò bá a jiyàn. Ó gbé omi kaná, ó gé ìdérí agolo mílíìkì bí abẹ̀bẹ̀ fáànù, ó fi wáyà gún un láàárín. Nígbà tí omi hó, ó gbé abẹ̀bẹ̀ náà sí ẹnu kẹ́tùlù. Ooru omi tì í, ló bá ń yí bírí.

"Màámi, bí tiwa náà ṣe rí nìyí. Ooru omi ń yí abẹ̀bẹ̀ irin ńlá, abẹ̀bẹ̀ ń yí jẹnẹrétọ̀, iná dé."

"Kí ló wá ń mú omi tiyín hó?"

"Kì í ṣe igi, kì í ṣe gáàsì. Yurénióòmù ni, irin tó wúwo tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀. Bí èérún rẹ̀ kan tí ojú ò lè rí bá là sí méjì, ìgbóná á jáde. Nǹkan bíńtín á tún ta jáde lára rẹ̀, á lọ la òmíràn."

Ìyá wa sún mọ́ kẹ́tùlù náà. "Tó bá wá ń là lọ tí kò dúró ńkọ́?"

Ojú àbúrò mi tàn. "Ọ̀pá wà tí a máa ń tì bọ àárín rẹ̀. Ó ń gbé nǹkan bíńtín yẹn mì, iná á sì rọlẹ̀. Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ọ."

"Ṣé kò léwu?"

"Ó léwu, màámi. Ìdí tí a fi ń ṣọ́ ọ nìyẹn."

Mo rò pé ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Àṣé òtítọ́ yẹn gan-an ni ìyá wa ń fẹ́ gbọ́. Ó ní ọmọ tó bá mọ ibi tí ewu wà kò ní sáré wọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń padà, ìyá wa di gààrí fún un, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà gígùn. Mo wo ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D yìí bó ṣe kúnlẹ̀ síbẹ̀. Orí mi wú.