Àpótí Gọ́ọ̀mù Dúdú

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Ògúnkànmí ní Mówè, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé òun ni bàbá tó fi ẹnu fẹ́ sẹ́ńsọ̀ tí sẹ́ńsọ̀ fi jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ Ṣàràfá nínú rárá, nítorí Ṣàràfá ni sẹ́ńsọ̀ náà kọ́kọ́ kọ̀ láti jẹ́wọ́ fún.

Ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà Alhaja Fàrídà ló ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan kékeré kan wà lára páìpù níbẹ̀, kò ju àtàǹpàkò lọ, òun ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mọ bí omi ṣe ń ti páìpù tó, kó sọ fún mítà, kí mítà sì pa ẹ̀rọ tó ń fa omi nígbà tó bá yẹ. Lọ́jọ́ náà, mítà ní kò sí omi nínú páìpù, bẹ́ẹ̀ páìpù ti bẹ́, omi sì ti gbé sálúbàtà Alhaja dé títì. Ṣàràfá ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mítà ò yí ohùn padà. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Ògúnkànmí ní Ìbafò.

Ọ̀kadà ló gbé e dé, ẹ̀pà kún àpò ẹ̀wù rẹ̀. Kò tú nǹkan kan. Ó yọ sẹ́ńsọ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì fi í sẹ́nu.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe yẹn?" Alhaja bi í léèrè.

"Mò ń kí i ni."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, ojú rẹ̀ wà lára mítà kékeré tó mú wá látilé. Ọwọ́ mítà náà mì díẹ̀. "Ara rẹ̀ dá ṣáká," ó ní. "Ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ló kéré, jẹnẹrétọ̀ yín sì ń pariwo bò ó. Ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́rìí ló ń lé kúrò ní kóòtù nítorí pé adájọ́ dití."

Gbogbo ilé iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ṣàràfá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rín in. Lọ́jọ́ kejì, Ògúnkànmí gbé àpótí kékeré kan wá, ó fi sáàárín sẹ́ńsọ̀ àti mítà, ọ̀rọ̀ sì parí. Gọ́ọ̀mù dúdú ló dà bo inú àpótí náà pátápátá, tó fi jẹ́ pé kò sí ojú tó lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Ṣàràfá ò ti lè jẹ ẹ̀pà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ìlara ni. Ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì kọjú síra wọn ní Ìbafò. Ọ̀nà Ọ̀ṣun ni Ṣàràfá ti wá, ó háyà ṣọ́ọ̀bù, ó kun ún, ó fi gíláàsì sí i lẹ́nu, ó ra fáànù fún àwọn oníbàárà. Ògúnkànmí kò ní ju bẹ́ńṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn èèyàn á wá dúró níwájú fáànù Ṣàràfá, wọ́n á gba atẹ́gùn dáadáa, wọ́n á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ògúnkànmí?"

Kò sì sẹ́ni tó lè ná ọjà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Kì í bínú, kì í búni, ẹ̀kọ́ ló máa ń kọ́ èèyàn. Ọkùnrin kan wá láti Arẹ́pò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti de táì mọ́rùn, ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó.

"Bàbá, ẹ já owó yẹn wálẹ̀ fún wa jàre."

"Kò burú. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ńsọ̀."

"Bàbá, mo ti ń pẹ́ o."

"Inú sẹ́ńsọ̀, rẹ́sítọ̀ mẹ́rin tí iná ń gbà kọjá ló wà níbẹ̀, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú yípo. Bí omi ò bá tì wọ́n, ọ̀tún òun òsì dọ́gba, kò sí ọ̀rọ̀. Bí omi bá tì wọ́n, méjì á fẹ̀, méjì á súnkì, ọ̀tún á wá fi díẹ̀ ju òsì lọ. Díẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu sẹ́ńsọ̀. Kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iná bátìrì tọ́ọ̀ṣì lọ. Ṣé ẹ̀ ń bá mi bọ̀?"

"Mò ń bá yín bọ̀, sà. Ẹ gba ìdajì."

"Áà, ẹ ò bá mi bọ̀. Inú àpótí mi, ẹni àkọ́kọ́ ni agbóúnjẹ. Iná ìjọba ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n agbóúnjẹ yìí á máa fún sẹ́ńsọ̀ ní iná tó dọ́gba, torí ẹni tí ebi ń pa ò lè jẹ́rìí òtítọ́. Ẹnì kejì ni ańpilífáyà. Wáyà méjì ló ń ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ bọ̀ wá bá a. Ohun tí wáyà méjèèjì bá jọ wí, kò ní dá a lóhùn, ariwo jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, àwọn méjèèjì ló jọ kó o bọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìkan ló ń gbọ́, òun ló sì máa kígbe rẹ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kẹta ni asẹ́, ariwo tó bá tún yọ́ wọlé, òun ló ń sẹ́ ẹ dànù."

"Bàbá, ẹ gba gbogbo owó yín!"

"Mi ò tíì dé orí síkúrù méjì tí wọ́n fi ń to mítà."

Ọkùnrin náà ti já sí títì, Ògúnkànmí sì ń kígbe tẹ̀ lé e: "Òdo ni kí ẹ kọ́kọ́ tò o! Kí mítà kọ́kọ́ ka òdo nígbà tí kò sí omi! Ẹ má fọwọ́ kan síkúrù kíkún bí òdo ò bá tíì jókòó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ óò lé àwọn méjèèjì títí ilẹ̀ á fi ṣú!"

Ṣàràfá ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó igba ìgbà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á yí rédíò rẹ̀ sókè kí aráyé lè mọ̀ pé òun ò fetí sí i. Bó bá dé ibi síkúrù, á rọra yí rédíò náà sílẹ̀.

Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, ó rán ìyàwó rẹ̀, Hanifah, pé kó lọ ra àpótí kan bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifọ̀ ló fẹ́ lò ó. Ògúnkànmí wé e fún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Ìyá Hàkímù," ó ní, "ẹ bá mi kí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Ẹ sọ fún un pé omi gbígbóná ni gọ́ọ̀mù yẹn ń bẹ̀rù. Kó má lo òòlù o, ó máa dùn ún lọ́wọ́."

Hanifah jíṣẹ́ náà bó ṣe gbọ́ ọ. Inú bí Ṣàràfá dé góńgó. Ta ló fẹ́ gba ìmọ̀ràn lẹ́nu Ògúnkànmí? Òòlù ló gbé. Gbogbo inú àpótí di ẹ̀rúnrún, kò sí èyí tí èèyàn lè dá mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lójoojúmọ́ ni Ògúnkànmí ń ti òdìkejì títì bi í pé, "Ṣàràfá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ ń kọ́? Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ti ń san?"

Ohun kan ṣoṣo ló ń tu Ṣàràfá nínú. Láìpẹ́ sí àsìkò náà, Yaqub tó ń ta páàtì rédíò ní Ifọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́ọ̀dù kéékèèké wá fún un, pé kó máa bá òun fi lẹ́ẹ̀dì jó páàtì mọ́ wọn. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ló ni wọ́n, wọ́n ń lò ó sínú òṣùwọ̀n. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Ṣàràfá fi ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹni ń ṣe ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó. Bó bá parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, á kán kútẹ̀ẹ̀sì pupa Hanifah ẹyọ kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, àmì tirẹ̀ nìyẹn. Á wá gbé e sókè nínú oòrùn, á pariwo kí wọ́n lè gbọ́ lódìkejì: "Kọ́ńpìnnì ni mò ń bá ṣiṣẹ́ o! Kì í ṣe ti fífi ẹnu fẹ́ nǹkan!"

"Ọwọ́ ẹ dáa, Ṣàràfá," Ògúnkànmí á dáhùn. "Ọlọ́run á má jẹ́ kó yẹ̀."

Ṣàràfá gbà pé ìlara ló ń pa bàbá náà.

Lọ́dún tó kọjá, Ògúnkànmí sùn, kò jí. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ọbáfẹ́mi, ìlú rẹ̀. Mọ́tò mẹ́rìnlá ló tẹ̀ lé òkú. Ṣàràfá kà wọ́n, ó sì ṣírò iye tí yóò tẹ̀ lé tòun, ìṣirò náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí Alhaja Fàrídà wá ń sunkún pé kò sí ọwọ́ bíi ti bàbá mọ́, Ṣàràfá ò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ̀yin náà ń fi gọ́ọ̀mù ṣe iṣẹ́ ìyanu," ó sọ ọ́ sáàárín èrò. "Kí ló ń bò mọ́lẹ̀ bí kì í bá ṣe jágbajàgba? Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀kan, ẹ wá pè mí. Mo búra, ẹni tó jó ohun tó wà níbẹ̀, ó yẹ kó padà lọ kọ́ṣẹ́ ni."

Hanifah fa etí ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pè é. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn èrò ń bọ̀ wá ṣe ìsọ́ òru ní Káḿpù Rídẹ́mṣọ̀n ni. Gbogbo Mówè ń ra omi, páìpù Alhaja sì gbẹ. Ẹ̀rọ ò fa omi, nítorí mítà ní páìpù ti kún dẹ́nu.

"Ọ̀gá Ṣàràfá, ẹ gbà mí," Alhaja ní. "Bí omi ò bá jáde lónìí, àwọn oníbàárà mi á lọ síbòmíràn, wọn ò sì ní padà."

Ọ̀gá! Ó pẹ́ tí Ṣàràfá ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ àpótí náà, èyí tí bàbá fi rọ́pò ti àkọ́kọ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Ó ń dà á sórí gọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀mù sì ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n gbé léná, títí ó fi bọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yí i ká. Ó nu bọ́ọ̀dù, ó sá a sóòrùn kó gbẹ, ó sì wò ó. Ibi tí àrùn wà hàn kedere. Ẹsẹ̀ kan lára síkúrù òdo ni lẹ́ẹ̀dì kò mú dáadáa, ó ti ṣí kúrò nílẹ̀. Òdo kò jókòó mọ́.

"Ẹ wò ó!" Ṣàràfá kígbe. "Ṣé mi ò sọ bẹ́ẹ̀ l'Ọ́báfẹ́mi? Ẹ wo jíjó! Ẹ wo—"

Ó yí ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Kútẹ̀ẹ̀sì pupa, ẹyọ kan.

Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó wo àwọn rẹ́sítọ̀, wọ́n tò gbọnrangandan bó ṣe máa ń tò wọ́n. Ó wo ìbú wọn, ó wo òòró wọn. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń jowú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Nítorí náà, iṣẹ́ bàbá ò dáa?" Alhaja béèrè wẹ́rẹ́. Omi ti lé rogodo sí i lójú. "Ta ló jó o bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Ṣàràfá?"

Bó bá ní Ògúnkànmí ni, ó tán. Òkú kì í jiyàn. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ rèé nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kó kàn pàtẹ́wọ́ ló kù. Ó la ẹnu, ẹnu ò gbé orúkọ náà jáde.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo jó o."

Alhaja gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Háà! Ọ̀gá Ṣàràfá! Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run? Bàbá ò tíì jẹrà, ẹ ti fẹ́ gba iṣẹ́ wọn mọ́ wọn lọ́wọ́?"

"Alhaja, mo búra—"

"Ẹ má búra mọ́, ẹ ti búra l'Ọ́báfẹ́mi. Ẹ bá mi ṣe é kómi ó wá."

Ó jó ẹsẹ̀ síkúrù padà. Ó kọ́kọ́ to òdo títí ó fi jókòó, kó tó fọwọ́ kan kíkún. Ẹ̀rọ dún, omi dé. Kò dúró gba oúnjẹ. Ifọ̀ ló gbà lọ tààrà, ó bá Yaqub láàárín páàtì.

"Ojú bàbá ló ń fọ́," Yaqub jẹ́wọ́. "Láti ọdún mẹ́jọ. Bí wọ́n bá jó lẹ́ẹ̀dì, ibi tí kò yẹ ló ń kán sí."

"Kí ló dé tí kò wá bá mi?"

"Wọ́n ní ẹ ò ní gbà. Wọ́n ní bí ẹ bá tiẹ̀ gbà, iṣẹ́ náà ò ní dáa tó báyìí, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jowú àwọn ni ọwọ́ yín máa ń mọ́ jù." Yaqub rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu ojú. "Bí mo bá kó o dé, wọ́n á gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi sójú, wọ́n á máa wò ó. Wọ́n á ní, 'Yaqub, wá wo iṣẹ́ tí ọ̀tá mi ṣe! Láti Mówè dé Ifọ̀, ta ló lọ́wọ́ yìí?' Mo ní ká nu kútẹ̀ẹ̀sì yẹn kúrò kí àṣírí má tú. Wọ́n ní rárá, ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kí àmì rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ṣàràfá jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n tó bàjẹ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún, nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó dùn ún pé bàbá náà ti kú. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa dun òun.

Ó ti ń ṣe àpótí báyìí, gọ́ọ̀mù dúdú náà ló sì ń dà sí i. Alhaja ò tíì gbà á gbọ́ títí di òní, kò sì bá a jiyàn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan wá láti Arẹ́pò, ó ní kó já owó wálẹ̀.

"Kò burú," Ṣàràfá ní. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí sẹ́ńsọ̀."

Ó pa rédíò rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa ní òdìkejì títì, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀, kó lè dé ọ̀hún.