Àga Màmá Dúpẹ́ níwájú Ilẹ̀kùn Kejì

Obìnrin tí ìjọba rán wá yẹ ilé wa wò kò pariwo, kò sì fara ya. Ó kàn na ìka sí igun ilé ìjọsìn, ó ní lédè Jámánì pé, "Notausgang yín dà?"

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́jú ilé ìjọsìn Áńgílíkà kékeré wa ní Wilhelmsburg, nílẹ̀ Jámánì. Èmi ni mò ń ṣí i, tí mò ń gbá a, tí mò ń tan àbẹ́là, tí mò ń lu agogo. Síbẹ̀, ojú tì mí láti fi ibẹ̀ hàn án lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Mo mọ ibi tí Notausgang, ilẹ̀kùn tí a ó gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, wà: ẹ̀yìn àga Màmá Dúpẹ́.

"Ẹ gbé àga yẹn kúrò."

"Àga Màmá ni."

"Ẹ ní kí Màmá wá gbé e nígbà náà."

"Wọ́n ti kú. Ó di ọdún kẹta."

Ó wò mí títí, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la, ní aago méjìlá ọ̀sán. Bí ilẹ̀kùn yẹn kò bá ṣí, òun yóò ti ilé náà pa. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Àìkú ni bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ wa lórí, ohun tí a ti ń retí ọjọ́ pẹ́.

Àwa mọ́kànlá ni Màmá Dúpẹ́ kó jọ láti bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà. Nígbà tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti àwọn àdúgbò bíi Harburg àti Steilshoop, à ń fi àga kún àga, à ń ti èyí, à ń sún tọ̀hún. Àga Màmá nìkan ni ẹnikẹ́ni kò sún láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ funfun lé e, tí mo sì ń nù ún ní gbogbo Sátidé. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Inú wá ń bí mi sí ara mi.

Mi ò lè gbé e láìsọ fún ọmọ olóòkú, ni mo bá pe Dúpẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò o! Ṣé ẹ fẹ́ lé mummy mi kúrò ní church tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ ni?"

Ní Sátidé, bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn iwájú ni Dúpẹ́ ré mi kọjá, ó lọ jókòó lórí àga náà, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ gbé e pẹ̀lú èmi."

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ẹnu mi kì í sì í ṣe ẹnu kékeré, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ọlọ́run ló yọ mí. Mo rántí ọjọ́ tí Màmá fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Pẹpẹ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, ilẹ̀kùn yìí ni. Wọ́n ní, "Kọ́lá, kọ́kọ́ mọ ibi tí èèyàn máa gbà jáde."

Mo ní, "Dúpẹ́, lọ́dún tí iná àbẹ́là mú kọ́tìnì nígbà Ìkórè, ta ló ṣí ilẹ̀kùn yìí?"

"Mummy ni."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ni?"

"Torí pé ibí ni wọ́n máa ń jókòó sí..." Ó yíjú wo ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n yan ibí kí wọ́n lè tètè dìde gbé àga kúrò, kí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn ni. Nígbà ayé wọn, àga yìí kò dí ọ̀nà rí. Àwa la dí i."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dìde.

A jọ gbé àga náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Àṣé iṣẹ́ kò tíì parí: ọ̀rinrin ti mú kí ilẹ̀kùn wú. Mo fi èjìká tì í, kò mira. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Dúpẹ́ bọ́ bàtà, ó fi èjìká tirẹ̀ kún un, ilẹ̀kùn já gbàà, àwa méjèèjì bá ara wa lórí koríko níta. Mo sáré fi ọṣẹ pa etí ilẹ̀kùn náà kó lè máa yọ̀. Nígbà tí obìnrin ìjọba náà dé, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í, ó ṣí. Ó buwọ́ lùwé, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé kún dé ẹnu ọ̀nà. Bíṣọ́ọ̀bù ti ń gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ lórí nígbà tí mo rí Dúpẹ́ tó dúró ti ilẹ̀kùn kejì nínú bàtà gíga. Mo rọra lọ bá a, mo ní mo ti wá àyè sílẹ̀ fún un níwájú, kó wá jókòó.

Ó mi orí. "Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà."