Òkúta tí Ermelinda Fẹ́ Sọ Lórúkọ Ìyá Rẹ̀

Inú ṣì ń bí mi, n kò ní purọ́. Aládùúgbò Ermelinda Zarricueta ni mí, ní àfonífojì Elqui tí gbogbo wa ti ń gbin àjàrà. Opó ni, awò awọ̀nàjíjìn tó wà lórí òrùlé rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí àmì kékeré kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí, ẹkún ayọ̀ ló sun wọ ilé mi. Òkúta ńlá ni, ó ń yí oòrùn ká, ó sì ń gba tòsí ayé wa kọjá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, tí ọ̀nà tó ń tọ̀ sì di mímọ̀ dájú, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ lórúkọ. Clorinda ló fẹ́ sọ ọ́, orúkọ ìyá rẹ̀. Àgbàrá ti wọ́ sàréè ìyá náà lọ. Kò síbi tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí mọ́ láyé.

Alẹ́ méjì ló ti wò ó. Bí kò bá rí i lẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tó gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí wá bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wa. Nibaldo, àbúrò rẹ̀, sì ti pa àgọ́ ijó sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà Ermelinda gan-an, pẹ̀lú iná funfun tó ń fọ́ni lójú, tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ìràwọ̀.

Ermelinda lọ bá a nídìí ẹran sísun lọ́sàn-án.

"Nibaldo, bí oòrùn bá ti wọ̀, bá mi pa iná yìí fúngbà díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òkúta lẹ rí ni àbí ewúrẹ́? Ṣé ó máa sá lọ ni?"

"Ó máa sá lọ! Nítorí orúkọ ìyá wa ni mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa, ó dáa, ẹ má pariwo. Màá pa á. Ẹ jẹran."

Irọ́ ni. Nílẹ̀ wa, ta ló jẹ́ paná kí ijó cueca tó parí? Oòrùn wọ̀, Nibaldo ti mu ọtí àjàrà yó, ó ń jó, ó ń ju áńkáṣíìfù sókè bí wọ́n ṣe ń jó o. Ni Ermelinda bá lọ fa wáyà iná yọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn! Àmọ́ àwọn oníjó tan iná mọ́tò wọn, wọ́n kọjú iná náà sí òrùlé Ermelinda, wọ́n ń hó lé e lórí: "Ìyá olókùúta! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá jó!" Àwọn tó ń jẹ àjàrà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni o! Kí wọ́n tó dákẹ́, òkúta náà ti wọ̀ sẹ́yìn òkè. Kùrukùrù tí kì í sábà yà lọ́dọ̀ wa bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ kejì, kò sì kúrò bọ̀rọ̀. Nígbà tó máa fi kúrò, Ermelinda kò mọ ibi tí ì bá wò mọ́.

Nibaldo gbé ẹran wá, ojú ń tì í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ṣebí ẹ ní yíyí ló ń yí oòrùn? Á padà wá."

Ermelinda kò tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

"Á padà wá," ó ní. "Ẹlòmíràn ló máa rí i, orúkọ ìyá onítọ̀hún ló sì máa jẹ́."