Ẹni Tó Di Òpó Àńtẹ́nà Mú

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń lé mi kúrò níbi tí àwọn àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀, bàbá mi ra tẹlifíṣọ̀n kan, tẹlifíṣọ̀n yẹn ló sì ba àárín èmi àti ọbàkan mi jẹ́ títí dòní. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí kálukú yín ní fóònù tirẹ̀ lọ́wọ́ yìí, ẹ rò pé èèyàn ò lè torí tẹlifíṣọ̀n bínú láti ìgbà èwe di ọjọ́ ogbó. Èmi ń bínú.

Àdúgbò àtijọ́ kan ní Abẹ́òkúta nilé wa wà, kò jìnnà sí Ìtòkú tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Aṣọ ni bàbá mi ń tà, ìyàwó méjì ló sì ní. Ìyá ọbàkan mi ni ìyálé, ìyá tèmi ni ìyàwó. Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti ọbàkan mi, kíláàsì kan náà la sì wà, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi wá wéra wa lójoojúmọ́ ayé. Bàbá mi bẹ̀rù Ọlọ́run gidi. Wọ́n ti wàásù fún un pé Ọlọ́run á bi olóbìnrin púpọ̀ léèrè bó bá gbè sẹ́yìn ìyàwó kan, nítorí náà gbogbo nǹkan ló máa ń pín dọ́gba, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe aṣọ ọdún. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ó pín òun náà. Ọjọ́ méjì ní yàrá ìyálé, ọjọ́ méjì ní yàrá ìyá mi. Ìyàwó tó bá kàn láti dáná fún bàbá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n máa lọ. Wọ́n á da aṣọ bò ó, wọ́n á gbé e gba àgbàlá kọjá tìṣọ́ratìṣọ́ra.

Òpó àńtẹ́nà ni kò ro tiẹ̀. Ọparun gígùn ni, ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi ni wọ́n rì í mọ́, lórí òkúta, torí pé ibẹ̀ nìkan ni àwòrán ti ń mọ́. Wáyà rẹ̀ dé fèrèsé méjèèjì, ṣùgbọ́n òpó ò kúrò níbì kan. Bàbá mi pín tẹlifíṣọ̀n, kò rántí pé òpó ò ṣeé pín. Òpó náà sì ti yẹ̀ nídìí. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, àfi kẹ́nìkan lọ dì í mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán á kún fún èérún bí ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọn ò ṣà. Kí ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: àwọn ìyá wa ò fẹ́ kí ọmọ tiwọn wọ yàrá ara wọn. Ìyá mi ní ọmọ òun tó bá lọ jókòó wòran lọ́dọ̀ orogún òun, kó máa jẹun níbẹ̀ lọ. Ìyálé náà ò sì gba ọmọ rẹ̀ láyè lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ bí àwòrán bá ti ń já, orúkọ mi ni ìyálé máa ń pè kí n lọ di òpó mú. Ojú ò tì í rí.

Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í polówó eré tuntun kan, eré àwọn ọmọdé tí wọ́n wọ ọkọ̀ onírin kan tó fò kọjá sánmà lọ sí ayé mìíràn. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní ẹni tí kò bá rí apá kìn-ín-ní, kò ní mọ ibi tọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé ọmọbìnrin ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọmọbìnrin bíi tèmi, nígbà tó jẹ́ pé nílé wa wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ bàbá mi lásán. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun alásárì, ọjọ́ ìyálé ló sì bọ́ sí. Ìyá mi ò tíì dé láti ọjà. Atẹ́gùn ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Èmi àti ọbàkan mi bá dá májẹ̀mú lẹ́yìn ilé ìdáná: èmi á di òpó mú ní ìdajì àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti dé ibi ìpolówó ọjà, á jáde wá gbà á lọ́wọ́ mi, èmi á sì yọ́ wọlé lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ìyá mi tó dé. Ó fi Kùránì búra. Mo gbà á gbọ́.

Mo di òpó mú. Ọparun ń ha mi lọ́wọ́, mo sì ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ náà láti inú yàrá, mò ń gbọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ń fi òyìnbó pàṣẹ fún àwọn tó kù, tí wọ́n ń dá a lóhùn. Inú mi ń dùn pé ó kù díẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ dé, ti mílíìkì tẹ̀ lé e. Mò ń wo ọ̀nà. Ìpolówó tán, eré tún bẹ̀rẹ̀, ọbàkan mi ò yọjú. Mo pè é. Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde: "Dúró bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́."

Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí wọ́n ń ka nọ́ńbà sẹ́yìn, tí gbogbo wọn nínú yàrá dákẹ́, ọkọ̀ ń balẹ̀ sí ayé tuntun. Mo bá fi ọwọ́ méjèèjì yí òpó náà kọ ojú sí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo sì jù ú sílẹ̀.

Igbe ta. Ìyálé jáde tòun ti ṣálúbàtà lọ́wọ́, ó ti nà mí kí ìyá mi tó wọ àgbàlá tẹrùtẹrù. Ìyá mi sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní ọmọ òun kì í ṣe wáyà. Ọ̀rọ̀ di bó-ò-lọ-yàá-mi. Èébú tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n ń bú ara wọn. Bàbá mi dé láti mọ́sáláásí, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fa wáyà yọ, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Owódé lọ́jọ́ kejì. Kò rà mìíràn títí ó fi kú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní kíláàsì, gbogbo wọn ń sọ bí ọkọ̀ ṣe balẹ̀. Èmi àti ọbàkan mi jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láti ìgbà yẹn, "ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó" ló mọ láàárín wa. Ìyá méjèèjì ti lọ. Iléyá tó kọjá yìí, ilé ọmọ mi tó máa ń jí ní ìdájí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó la ti pàdé. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ jókòó sí pálọ̀, kálukú fi nǹkan dí etí, kálukú ń wo tirẹ̀. Ẹ ò jà. Ẹ ò sì bára yín sọ̀rọ̀. Ayé ti yí padà, kò sẹ́ni tó nílò ẹni tí yóò bá a di òpó mú mọ́.

Ọbàkan mi wá jókòó tì mí. Ó ní ìyá òun ló fi ẹsẹ̀ tẹ ìró òun mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí òun ò fi lè jáde, pé òun ń sunkún ni nígbà tóun ní kí n dúró. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó lè jẹ́ irọ́. Àwọn tí mo lè bi ti wà nínú ilẹ̀. Ó ní òun náà ò rí ibi tí ọkọ̀ balẹ̀ sí títí dòní. Mo ní mo mọ̀, ìdí tí mo fi yí òpó náà nìyẹn.

Kò dìde. Mo bu ẹran sínú abọ́ rẹ̀. N kò tíì dárí jì í.