Lẹ́tà Abẹ́ Tábìlì

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Ayé-ti-lajú la máa ń pè é, torí gbólóhùn yẹn kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Sọ pé o fẹ́ kọ nǹkan sórí ìwé, á yínmú sí ọ: "Ìwé kẹ̀? Ayé ti lajú!" Ẹni tí kò lè rántí nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ láìwo fóònù ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o.

Ìyá wa ní tiwọn, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ti bí gbogbo wa tán kí wọ́n tó lọ kọ́ ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà, wọn ò sì fi ohun tí wọ́n kọ́ ṣeré. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn wọn, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n á fi báírò kọ ọ́, wọ́n á lẹ àpòòwé pa, wọ́n á fi rán awakọ̀ sí wa. Gbogbo tèmi ló wà nínú àpótí mi.

Ayé-ti-lajú ńkọ́? Ó ra fóònù fún Màmá kí wọ́n lè yéé fi lẹ́tà dà á láàmú. Bí wọ́n bá pè é, á ní, "Màmá, oníbàárà wà níwájú mi, mà á pè yín padà." Ṣé ó pè wọ́n padà rí? Ẹ bá mi bi í. Àwòrán òdòdó ló ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀, òdòdó tí ẹlòmíì ti fi ránṣẹ́ sóun náà. Lẹ́tà wọn ní tirẹ̀, kì í tú u wò. Ẹsẹ̀ kan kúrú lára tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ló bá to àpòòwé ìyá rẹ̀ léra, ó fi há abẹ́ ẹsẹ̀ náà. Mo bá a wí títí, ó kọtí ikún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ ò rí i pé wọ́n kúkú wúlò báyìí?"

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí Màmá kú, ọ̀gá fóònù tú inú fóònù wọn, ó ń wá ohùn wọn. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi òdòdó tirẹ̀. Ó wá sílé mi, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú lẹ́tà yín. Mi ò ní ọ̀rọ̀ Màmá kankan lọ́wọ́."

"O ní in. Tábìlì lo gbé lé e lórí. Àbí ayé ò lajú mọ́ ni?"

Ó sáré jáde. Mo tẹ̀ lé e, kí n lè wo ojú tó máa fi gbé tábìlì náà. Omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ti ba àwọn àpòòwé ìsàlẹ̀ jẹ́. Tòkè pátápátá nìkan ló yè. Ó nà án sí mi, èmi ni mo já a, tí mo kà á sókè:

"Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo rí i pé tábìlì rẹ ń mì. Mo fi òwú wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti ní kí kápẹ́ńtà gé igi pẹlẹbẹ kan sí i. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù, torí o kì í ráyè. Wá mú un."

Mo mọ igi náà. Ilẹ̀kùn kíṣìnì Màmá ni mo ń fi í dá dúró látọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Igi lásán ni mo pè é.

Mo wọkọ̀ lọ sílé Màmá, mo mú un wá, a tì í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó bá a mu rẹ́gí. Àbúrò mi gbọ́wọ́ lé tábìlì náà, ó tì í, kò mì. Fóònù oníbàárà kan ń dún lórí rẹ̀, kò wò ó. Èébú tí mo ti kó sẹ́nu láti ilé, mi ò rí ọ̀kankan bú.