Omi Sátidé, Ijó Mọ́ńdè

Nílé wa l'Ábẹ́òkúta, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé kì í ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí kó tó mumi. Ìyá mi lè máa retí ìròyìn ikú tàbí ti ìgbéyàwó, omi ni yóò kọ́kọ́ gbé fún ẹni tó dé. Ó ní ẹni tó bá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, wọn ò kọ́ olúwarẹ̀ nílé. Mo gbé àṣà yìí dé Port Richmond l'Amẹ́ríkà níhìn-ín, mo sì fi ń tọ́jú ọmọ Swídìn tó gba yàrá òkè lọ́wọ́ mi.

Yàrá ọmọ mi ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kó lọ sí Texas, ilé wá dákẹ́ jù fún opó kan ṣoṣo, mo bá ní kí àwọn èèyàn bá mi wá ẹni tí yóò gbà á. Ọkùnrin gíga kan ló kan ilẹ̀kùn, irun rẹ̀ funfun bí òwú, àpò gígùn kan sì wà léjìká rẹ̀. Mo rò pé ìbọn ló wà nínú àpò náà, mo ti ń ti ilẹ̀kùn padà. Ó ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù ni, pé iṣẹ́ òun nìyẹn. Mo ní, "Iṣẹ́ ni mo bi ọ́, n kò bi ọ́ léré." Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó la orúkọ mọ́ mi lórí bí ẹni pé ọdún kan náà ni wọ́n bí wa. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ òrùlé mi, Màmá ló ń pè mí. Láti ọjọ́ náà, Màmá ni.

Ìdí tábìlì kíṣìnì ló ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbá ìdíje kan, láti Tọ́sìdè títí di Sọ́ńdè. Nírọ̀lẹ́ Fúráídè, wọ́n á yọ àwọn tí kò ṣe dáadáa kúrò. Ẹni tí wọ́n bá yọ kò gba kọ́bọ̀, kó gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ sílé ni. Nítorí náà, ọjọ́ tó bá wọlé ló ń sọ bó ṣe rí. Bó bá dé ní Sátidé, wọ́n ti yọ ọ́. Bó bá di Mọ́ńdè, ó gbá a dópin. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé, "Ah-ah, Mummy, gbogbo ẹ̀ wà lórí phone now, ẹ kàn check ẹ̀." Mo ní kí ó gbé phone rẹ̀ sọ́hùn-ún. Èmi kọ́ ni yóò lọ máa ka ìròyìn ọmọ tó ń sùn lókè orí mi lójú fóònù kó tó mumi.

Sátidé pọ̀ ju Mọ́ńdè lọ, ó fi púpọ̀púpọ̀ jù ú lọ. Mo máa ń gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá ń yí, màá ti bu omi. Màá rọra gbé e fún un, màá rọra kí i, màá rọra bu ọbẹ̀ gbígbóná síwájú rẹ̀, màá wá ní èyí tó ń bọ̀ á dáa lágbára Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màmá, bí ẹni pé èèyàn kú lẹ ṣe máa ń gbé omi yìí wá." Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni.

Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tó wọlé, mo gbé ṣíbí ìrokà, mo jó láti ẹ̀gbẹ́ síńkì dé ẹnu ọ̀nà, sálúbàtà mi kan fò lọ sábẹ́ fíríìjì. Ó fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo Mọ́ńdè tó bá ti wọlé, kò ní í mumi kí n tó jó.

Ọmọ ọdún méje ló wà tí bàbá rẹ̀ ti so àwọ̀n sínú abà fún un, tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí i nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo oko wọn. Ó dàgbà, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè nà án, gọ́ọ̀fù yẹn náà ló gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé ló gbà pé àárín àwọn ọ̀gá ni yóò parí sí. Ó wá ku bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ọ̀nà tí kò ju láti ìdí tábìlì mi sí ìdí fíríìjì lọ, tí ì bá gbé e gòkè sáàárín àwọn ọ̀gá náà. Bọ́ọ̀lù náà yẹ ihò tó yẹ kó bọ́ sí sílẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá wà lọ́nà jíjìn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù síbi tó bá wù ú. Bó bá ti ku díẹ̀ báyìí kí bọ́ọ̀lù wọ ihò, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó pààrọ̀ ọ̀pá, ó pààrọ̀ bó ṣe ń dì í mú, ó lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìbẹ̀rù ọkàn. Èmi náà fi òróró ṣọ́ọ̀ṣì ra ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹ́wọ́ fún mi bí ọmọdé. Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Tirẹ̀ tàn án, ó tàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún mi pé bí òun kò bá gòkè lọ́dún náà, òun á pa á tì. Mo bi í pé kí ni yóò wá máa ṣe. Ó ní òun kò mọ nǹkan mìíràn í ṣe. Nígbà tó di ìparí ọdún eré wọn, ìdíje kan ṣoṣo ló kù. Bí wọ́n bá yọ ọ́ níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Mo gbàdúrà fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣe àmín, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, kò wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí St. George kí n lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Manhattan, níbi tí mo ti ń tọ́jú bàbá arúgbó kan. Mo wọ gbọ̀ngàn tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù náà ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ìkángun, ó fara ti èjìká rẹ̀. Ó ń wo àwọn ẹyẹlé tó ń ṣa àkàrà òyìnbó nílẹ̀.

Mo sá sẹ́yìn òpó. Inú kọ́kọ́ bí mi. Kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí tí kò fi lè wálé? Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, mo bá èrò wọlé, n kò wẹ̀yìn. Àárín omi ni ọ̀rọ̀ tó sọ, pé bí ẹni pé èèyàn kú ni mo ṣe máa ń gbé omi wá, ti padà wá sí mi lọ́kàn. Omi mi ló ń sá fún. Ara mi tutù, mo sì sunkún lójú gbogbo èrò ọkọ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò ti ògiri.

"Ẹ kú ilé, Màmá." Mo ti kọ́ ọ ní ìyẹn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi." Mo gbé omi fún un. Ó gbà á, kò mu ún.

"Mo gbá a dé Sọ́ńdè," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"A dúpẹ́. Kú oríire."

Láti Sátidé ni mo ti pinnu pé bó bá wọlé ní Mọ́ńdè, màá jó bí ẹni pé n kò rí i. Mo mú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò gbéra nílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín tí kò dénú.

Ó wo ṣíbí, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ ò jó," ó wí.

"Orúnkún ló ń dùn mí."

"Màmá."

N kò lè gbójú sókè. Mo ní, "Mo lọ síbi iṣẹ́ ní Sátidé. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ni mo gbà."

Ó fa àga, ó jókòó. Ó mu omi náà tán, ó gbé ife kalẹ̀. "Mo ti pe bàbá mi," ó wí. "Mo ti sọ fún un pé mo gbá a dópin. Ó ti ń sọ fún gbogbo abúlé." Ó wò mí bí ẹni pé mo mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ní Tọ́sìdè, ọjọ́ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje, mo bá a ní kíṣìnì láàárọ̀, ó ń fọ abọ́. Àpò rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e tì. Mo kí i, ó kí mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, tí mo ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ó ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra gbé e fún mi, ó rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá," gẹ́lẹ́ bí mo ṣe máa ń kí i ní Sátidé. Mo gbà á, mo gbé e sẹ́nu. N kò lè mu ún tán.