Bí Ìyé Ṣe Ń Kọ Ọ́

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ láti Ìgbòkòdá tí ẹ forí lé ìhà Mólútẹ́hìn, tí ẹ sì rí ilé onípákó kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ igi, tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, ẹ má pariwo iná o. Moríkẹ́ aya Olówòkéré ló ń yan ẹja. Ní Ẹ̀bútè Ayọ̀, abúlé kékeré tó há sáàárín òkun àti ọ̀sà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kò sì tíì sí oníbàárà tó yọ́ ẹja bọ́ńgà kan gbé lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tó yàn nìyẹn. Èyí tí kò yàn ni iṣẹ́ tíṣà.

Ta ni ì bá ṣe é? Òkun gbé ilé ẹ̀kọ́ abúlé lọ, àwọn tíṣà di ẹrù wọn, wọ́n wọ ọkọ̀, ó dìgbóṣe. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn apẹja lọ sí ìhà Kamẹrúùnù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọjú. Moríkẹ́ fúnra rẹ̀ kò kọjá ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Jọọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó sì ti búra pé èéfín àrò kò ní fọ́ ojú ọmọ náà bó ṣe ń fọ́ tòun.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni ohun tí Ọmọlará bá a sọ lórí fóònù. Ọmọlará ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, Ìgbòkòdá ló ń gbé. Ó ní, "Ìyàwó wa, jẹ́ kí ọmọ yẹn wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà nítòsí wa. Bó bá ti lè da ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó kọ, wọ́n á gbà á. Bí kò bá lè dà á kọ, wọn ò ní gbà á o, àyè ò sí."

Ó parí! Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kó ẹja kúrò lórí àrò, ìyá àti ọmọ á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n á tẹ́ ìwé sórí pákó. Moríkẹ́ á kọ ìlà kan sókè, Jọọlá á máa dà á kọ nísàlẹ̀ títí ojú ìwé á fi kún. Èyí tó bá wọ́, Moríkẹ́ á fi ìrésà pa á rẹ́, á ní kó tún un kọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí Moríkẹ́ kì í sọ síta. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Tó bá gbé ife, omi inú rẹ̀ á máa jó. Ó ní òtútù ni. Ó ní èéfín ni. Ó ní àárẹ̀ ni. Kò sí ohun tí kò pè é tán, àfi ohun tó jẹ́ gan-an. Bí ti ìyá tó bí i ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ mú, ó lọ sí tòsì, nígbà tó yá, Moríkẹ́ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Nọ́ọ̀sì kan ní Ìgbòkòdá wo Moríkẹ́, ó fún un lóògùn, ó ní kó lọ sí ọsibítù ńlá ní Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ kẹ̀! Ṣé ẹja ló máa yan ara rẹ̀ ni?

Lọ́jọ́ kan, Jọọlá gbé ìwé rẹ̀ wá, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun ti parí. Moríkẹ́ wo ojú ìwé náà. Gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ ló ń gbọ̀n. Èyí tó yẹ kó dúró ṣánṣán ń ṣe wọ́lọwọ̀lọ. Èyí tó yẹ kó rí roboto, etí rẹ̀ rí ságasàga. Ó wo ìwé, ó wo ọmọ, ó tún wo ìwé. Háà, ó ti dé, ló wí nínú ara rẹ̀. Kò tíì ṣe tèmi tán, ó ti bọ́ sára ọmọ mi.

Wọ́n ní bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Àmọ́ irú ìjọra yìí, Moríkẹ́ ò bẹ Ọlọ́run fún un. Ẹ sì mọ bí ìbẹ̀rù ìyá ṣe ń ṣe: ariwo ló máa ń bá jáde.

"Jọọlá! Kí lèyí?"

"Ìwé mi ni, Ìyé." Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá lọ́hùn-ún.

"Mo rí i pé ìwé ni, ojú mi ò fọ́. Ṣé lójú ìgbì lo ti jókòó kọ ọ́ ni?"

Moríkẹ́ ki ìrésà mọ́ ìwé, ó pa á rẹ́, ó pa á rẹ́ títí ìwé fi lu. Ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó kọ ìlà tuntun sókè, ó ní, "Dà á kọ. Rọra. Fara balẹ̀."

Ọmọ náà fara balẹ̀. Ó yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó ń tẹjú mọ́ ìlà ìyá rẹ̀, ó ń kọ. Bó ṣe ń fara balẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà ń gbọ̀n sí i. Moríkẹ́ mú igi tí wọ́n fi ń gún ẹja lójú, ó fi kan án léegun ìka. Kò le, ṣùgbọ́n ó dun ọmọ. Lẹ́tà ò tọ́ síbẹ̀. Ó ju igi náà nù, ó wá di ọwọ́ ọmọ náà mú nínú tirẹ̀ láti tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ gbà mí o! Ìlà tí àwọn méjèèjì jọ kọ yẹn ló burú jù lọ nínú ìwé náà.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Lóru, Moríkẹ́ á dùbúlẹ̀, á máa gbọ́ omi lábẹ́ ilé, á máa bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe. Ta ló fẹ́ sọ fún? Bó bá sọ fún ọkọ, ọkọ ò sí nílé. Bó bá sọ fún Ọmọlará, Ọmọlará lè ní kí wọ́n má wulẹ̀ mú ọmọ wá mọ́. Ó gbé e mì.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Moríkẹ́ lọ ra ẹja tútù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé. Bó ṣe ń bọ̀ lórí afárá pákó, ó rí i pé ẹnì kan ti fi èédú kọ nǹkan sílẹ̀ níwájú ilé òun. OLÚWA Ń ṢỌ́ WA. Lẹ́tà náà tò, ó mọ́, ó dúró. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ Godspower ni, ìyẹn ọmọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé èrò lọ sí Ìgbòkòdá. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó.

"Godspower," Moríkẹ́ pè é, "kí lo ń fi èédú ba ọ̀ọ̀dẹ̀ mi jẹ́ fún?"

Godspower bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Ìyá Jọọlá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹ mọ̀ pé n ò mọ̀wé. Ayàwòrán ní Ìgbòkòdá ló bá mi kọ ọ́ sára ọkọ̀. Ọmọ yín ló jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ tó ń dà á kọ."

Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí Moríkẹ́. Ó pe Jọọlá. Jọọlá jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú, ó ń wo ilẹ̀ nítorí ó rò pé wọ́n máa na òun.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

"Ẹ má bínú, Ìyé. Màá fọ̀ ọ́."

"Ta ní kó o fọ̀ ọ́? Dúró." Ó sáré wọlé, ó bu omi kún ife dé ẹnu, ó gbé e lé ọmọ náà lọ́wọ́. "Gbé e dúró. Má mì."

Jọọlá gbé ife dúró. Omi náà ò mira. Moríkẹ́ tẹjú mọ́ ọn títí apá fi ń ro ọmọ. Omi ò mira rárá.

"Nígbà tó o mọ̀ ọ́n kọ báyìí, kí ló dé tó ò ń gbọ̀n ọ́n nínú ìwé?"

Jọọlá wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà ò yé. "Bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni, Ìyé. Tiyín ni mò ń wò. Ibi tó ti ń gbọ̀n yẹn ló ṣòro jù. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ìka kọ ọ́ nínú afẹ́fẹ́ kó tó lè jọ ọ́."

Moríkẹ́ jókòó sílẹ̀ gbì. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ òun ò ṣàìsàn! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Lẹ́yìn náà ló wá rántí igi ẹja, ó rántí ìrésà, ó rántí gbogbo ojú ìwé tó ti pa rẹ́. Àṣìṣe tirẹ̀ ni ọmọ ń fi gbogbo agbára ṣe, òun ló sì ń tìtorí rẹ̀ nà án. Ó fa ọwọ́ eléèédú náà mọ́ra, ó di í mú.

Láti ìgbà náà, Moríkẹ́ ò kọ ìlà sókè mọ́. Ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ ní ìwé ni Jọọlá ń dà kọ: kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, páálí bísíkíìtì, ìwé orin tí òkun ò rí gbé. Lẹ́tà rẹ̀ tò, ó gún régé. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Orúkọ Jọọlá ò sí lára kàlẹ́ńdà, kò sí lára páálí. Moríkẹ́ nìkan ló kọ́ ọ ní orúkọ náà, bó sì ṣe kọ́ ọ ló ń kọ ọ́. Moríkẹ́ gbìyànjú láti kọ ọ́ kó tọ́. Ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, ó sé èémí, J náà gbọ̀n síbẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní ohun tó wà lójú pátákó ni wọ́n ní kó dà kọ, wọn ò sọ ti orúkọ.

Ọjọ́ pé, Godspower gbé wọn lọ sí Ìgbòkòdá. Ọmọlará ti ń dúró dè wọ́n, ó sì mú wọn lọ bá Tíṣà Kọ́lájọ ní ilé ẹ̀kọ́. Ìjẹ̀ṣà ni tíṣà náà, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, ó fún Jọọlá ní ìwé. Jọọlá dà á kọ, kò sí èyí tó wọ́ níbẹ̀. Tíṣà mi orí. Ọmọlará fi ìgúnpá gún Moríkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa gan-an," Tíṣà wí. "Ó ku orúkọ rẹ. Kọ ọ́ sókè."

Jọọlá gbé ìka sókè, ó kọ́kọ́ kọ ọ́ nínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ló fara balẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. J gbọ̀n. Ọ gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ gbọ̀n.

Tíṣà fa ìwé náà mọ́ra, ó wò ó. "Ṣé ara ọmọ yìí le ṣá? Àbí ẹ̀rù ń bà á?"

"Ẹ̀rù ò bà mí, sà."

Tíṣà pa á rẹ́, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó ní kó dà á kọ. Jọọlá wo ohun tó kọ, ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, sà." Ó tún mú pẹ́ńsù, ó tún gbọ̀n ọ́n.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyé mi ni."

Gbogbo wọn bá wo Moríkẹ́. Ó ti ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ìró. Bó bá sọ pé àìsàn ni, wọ́n á ní ọmọ ńkọ́, ṣé kò sí lára òun náà? Bí kò bá sì sọ nǹkan kan, ọmọ á pàdánù àyè.

"Jọọlá," ó wí, "bí tíṣà ṣe kọ ọ́ ni kó o kọ ọ́. Tèmi ò dáa."

"Tiyín dáa, Ìyé."

"Mo ní kò dáa. Àṣìṣe ni. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ Jọọlá, ó dúró ṣánṣán. Tíṣà ní ó káre, ó ní kó wá lọ́jọ́ Ajé. Orúkọ náà rẹwà lójú ìwé, ṣùgbọ́n ó rí lójú Moríkẹ́ bí orúkọ ọmọ ẹlòmíràn.

Ní ẹ̀bútè, Moríkẹ́ wọ ọkọ̀ Godspower òun nìkan. Jọọlá dúró ti Ọmọlará, kò sunkún. Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ ṣí. Moríkẹ́ gbàgbé ara rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tó máa ń fi pa mọ́ ló gbé sókè láti juwọ́ sọ́mọ. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lójú gbogbo èrò. Jọọlá náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ padà, ọwọ́ tirẹ̀ náà sì ń gbọ̀n.

Ó ń fara wé mi ni, Moríkẹ́ wí nínú ara rẹ̀. Bí mo ṣe ń jù ú ló ń jù ú. Ó sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀ kíá, kí ọmọ lè dá tirẹ̀ dúró. Jọọlá ò dá a dúró. Ó ń juwọ́, ó ń gbọ̀n.

"Jọọlá! Dá ọwọ́ rẹ dúró!"

"Kí lẹ wí, Ìyá Jọọlá?" Godspower béèrè láti ìdí ẹ́ńjìnnì.

"N ò wí nǹkan kan."

Ọkọ̀ ń sá lọ. Kò sí ife omi tó lè gbé lé ọmọ náà lọ́wọ́ láti ibẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ kékeré náà títí ọkọ̀ fi yà sí kọ̀rọ̀.